Ìwé ìdájọ́ tí ikán jẹ àti fáìlì tí ọlọ́pàá ò rí: báwo la ṣe ń béèrè wọn?

Arábìnrin kan láti àdúgbò Tákì ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé béèrè báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá mi gba ìdájọ́ lórí ilẹ̀ oko kan ní kóòtù ìbílẹ̀ níbí, mo rò pé láàárín 1993 sí 1995 ni. Bàbá ti di ẹni ilẹ̀, ikán sì ti jẹ ìwé ìdájọ́ tí wọ́n tọ́jú sínú àpótí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ẹni tí bàbá mi bá ṣẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ náà ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì, wọ́n sì gé igi káṣú tó wà níbẹ̀ lulẹ̀. Mo fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu mi, wọ́n mú èèyàn méjì. Wọ́n ti wá gbé IPO tó ń ṣèwádìí lọ síbòmíràn, ẹni tó dípò rẹ̀ sì ní òun ò rí fáìlì. Lọ́yà ní kí n lọ gba ìwé méjèèjì wá kí òun tó lè ṣe ohunkóhun. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n sì lè fún mi, nígbà tí kì í ṣe èmi ni mo pẹjọ́?”

Ẹ kú àfaradà o, arábìnrin wa. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè fún yín. Gbangba ni abala 36 nínú Ìwé Òfin 1999 ní kí a ti máa gbọ́ ẹjọ́, gbangba náà ni kí a ti máa ka ìdájọ́, ohun tí adájọ́ bá sì ti kà sétí gbogbo ayé kò lè tún di àṣírí ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 wá sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó ní ẹ̀dà rẹ̀ bí ó bá ti san owó tó yẹ, kí ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹ̀dà náà bá ojúlówó mu. Ẹ̀dà yìí ni gbogbo wa ń pè ní CTC. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ ẹni tó pẹjọ́ ni yín, ẹ̀yin lẹ sì jogún ohun tí ìdájọ́ náà fún un. Ẹjọ́ tó kan ọmọdé àti àwọn ẹjọ́ ìgbéyàwó kan ni wọ́n lè tì mọ́ ẹlòmíràn. Ẹjọ́ ilẹ̀ kò sí lára wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kì í wá fáìlì jáde. Nọ́ńbà ló ń wá a jáde. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo lò nídìí ìwé ní àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì rántí ìgbà kan ṣoṣo tí a fi orúkọ ìdílé nìkan rí fáìlì tó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ìwé kì í sábà kúrò ní kóòtù. Ọ̀nà tí èèyàn máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa ń dí. Ẹ fojú inú wo yàrá náà: pẹpẹ irin láti ilẹ̀ dé àjà, fáìlì tí wọ́n fi okùn dì ní ìdì-ìdì, ọdún tí wọ́n fi báírò kọ sára páálí, tí òjò tó jò láti òrùlé sì ti pa òmíràn rẹ́. Lórí tábìlì ni ìwé ńlá kan wà tó fẹ̀ ju àyà àgbàlagbà lọ, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́. Ẹjọ́ kan ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ olùpẹ̀jọ́, orúkọ olùjẹ́jọ́, ohun tí wọ́n ń jà sí, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó parí. Ọdún-ọdún ni wọ́n ń kọ ọ́. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí ẹ sọ pé “láàárín 1993 sí 1995”, odindi ọdún mẹ́ta lẹ ní kí ó fi ìka tẹ̀ lé láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí àwọn tó wá gba ìwé ìbúra ń tò lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá fún un ní nọ́ńbà àti ọdún, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò ti mọ ìdì tó yẹ kí òun tú.

Orúkọ pàápàá máa ń tanni jẹ. Orúkọ tí ẹ mọ bàbá yín sí nílé lè má jẹ́ èyí tó fún kóòtù, ó sì lè jẹ́ àgbà mìíràn nínú ẹbí ni wọ́n fi ṣe olùpẹ̀jọ́ lórúkọ gbogbo ilé, tó fi jẹ́ pé bàbá yín ló ń náwó, òun ló ń jókòó ní kóòtù, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló wà nínú ìwé.

Nítorí náà, ẹ má tíì da ìwé tí ikán jẹ nù. Etí ìwé àti ibi tó kan ìdí àpótí ni ikán máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí ẹ rọra kó gbogbo èyí tó ṣẹ́kù lé e láìgbọn ọ́n, kí ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó ya ewé kan kúrò lára èkejì. Orí ewé àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ẹjọ́ máa ń wà: lẹ́tà tó dúró fún kóòtù, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ọdún, pẹ̀lú ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ti Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà ní Ìbàdàn, bí àpẹẹrẹ, lẹ́tà I ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ “94” nìkan ni ikán ṣẹ́ kù fún yín, ó ti gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ ọdún méjì nínú mẹ́ta. Bí kò bá sí rárá, ẹ wá àwọn ìwé wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí: rìsíìtì owó ẹjọ́, ìwé ìpè sí kóòtù, lẹ́tà tí lọ́yà kọ sí bàbá, tàbí pláànù tí sọ̀fíyọ̀ yà nítorí ẹjọ́ náà. Lọ́yà ìgbà yẹn lè ti kú, àmọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lè má tíì kú. Ẹni tó jogún ọ́fíìsì ló sábà máa ń jogún fáìlì.

Ẹ wádìí pẹ̀lú bóyá àwọn tí bàbá yín borí pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹni tó borí kì í fẹ́ rántí pé wọ́n tún wọ́ òun lọ síwájú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìgbàlà yín lè wà. Bí ẹjọ́ bá gòkè, akọ̀wé kóòtù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣa gbogbo àkọsílẹ̀ jọ, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó dì í pọ̀ bí ìwé, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí kóòtù òkè, ẹ̀dà rẹ̀ yóò sì dé ọwọ́ àwọn tó ń jà àti àwọn lọ́yà wọn. Ìwé tó wà níbì kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ ti wá wà níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìgbà mélòó ni a wá ìwé nísàlẹ̀ títí tó sú wa, tí a sì lọ bá a lókè, ní títẹ̀, láìsí ojú ewé kan tó yọ! Wọ́n tún rọrùn láti kà, nítorí ọwọ́ ni àwọn adájọ́ fi ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ àwọn kan sì dà bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ lórí eérú.

Bí ẹ bá dé kóòtù tí wọ́n bá sì sọ pé ìwé ọdún yẹn kò sí lọ́dọ̀ àwọn, ẹ béèrè ibi tí wọ́n kó o lọ. Ẹ má béèrè ìdí tí wọ́n fi kó o. “Níbo” máa ń rí ìdáhùn, “kí ló dé” kì í rí ju àríyànjiyàn lọ. Kóòtù ìbílẹ̀ a máa ṣí kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn, ìwé rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e tàbí kí ó dúró sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ọ́fíìsì Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ wa ní Ìbàdàn ni ẹ ó kọ̀wé sí. Àwọn tí ẹjọ́ tiwọn ti wà láti ayé òyìnbó ní ọ̀nà mìíràn: National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé ìjọba ẹkùn Ọ̀yọ́ láyé ìjọba amúnisìn wà lábẹ́ àmì “Oyo Prof”. Tiyín ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù rèé. Lọ́yà sọ pé “ìwé ìdájọ́”, ṣùgbọ́n ẹ má béèrè ìdájọ́ nìkan. Ẹ béèrè gbogbo àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́. Ìdájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ lè má ju ojú ewé mẹ́ta lọ, kí ó sì parí pẹ̀lú pé “kóòtù fún olùpẹ̀jọ́ ní ilẹ̀ tó ń béèrè.” Ilẹ̀ wo? Ìdájọ́ tó ti wà nílẹ̀ lè dí àwọn ọmọ ẹni tí a dá lẹ́bi lọ́wọ́ láti tún ẹjọ́ kan náà jà, ṣùgbọ́n bí kò bá hàn gbangba pé ilẹ̀ tí kóòtù sọ nígbà náà ni èyí tí wọ́n ń tà lónìí, wọn ó kàn sọ pé ilẹ̀ mìíràn ni bàbá yín gbà. Inú ẹ̀rí ni ààlà máa ń wà. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹlẹ́rìí tó sọ pé láti odò títí dé ibi òkìtì ọ̀gán, kí a yà sápá igi ìrókò tí mọ̀nàmọ́ná là, ọmọ lágbájá ni a jọ pààlà. Bí kóòtù bá jáde lọ wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ yóò wà nínú àkọsílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú ewé yẹn ló níye lórí jù nínú gbogbo ìwé náà. Ẹ béèrè pláànù tí wọ́n bá fi ṣe ẹ̀rí pẹ̀lú, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀rí sí, wọn kì í sì í rántí fi í kún un àyàfi bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gbé ààlà ró. Ẹjọ́ tó so mọ́ orúkọ ìlú wa gan-an kò ní fáìlì: ahámọ́ Aláàfin ni ìtàn sọ pé Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, wà nígbà tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, a sì ń sọ ọ́ dòní, ṣùgbọ́n ẹ pe àgbà mẹ́ta jọ kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti lẹ́tà, kó má gùn. Ẹ kọ ọ́ sí akọ̀wé àgbà kóòtù náà, kí ẹ fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín sí i, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì rí báyìí: “Mo ń béèrè ẹ̀dà CTC gbogbo àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́, ìdájọ́ àti àwọn ìwé ẹ̀rí nínú ẹjọ́ nọ́ńbà báyìí, láàárín lágbájá tó pẹjọ́ àti làkáṣègbè tó jẹ́jọ́, tí kóòtù yìí dá ní ọjọ́ báyìí. Ọmọ olùpẹ̀jọ́ tó ti dolóògbé ni mí. Mo ṣe tán láti san owó tí òfin là sílẹ̀.” Ẹ má sọ ìtàn ìjà ilẹ̀ náà sínú rẹ̀, akọ̀wé kì í ṣe adájọ́, ìtàn yóò kàn bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe fáìlì, nítorí náà ẹ ní kí lọ́yà tàbí ọmọ yín kan kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Wọn ó gba ọ̀kan, wọn ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Ẹ̀dà kejì yìí ni kí ẹ tọ́jú bí ojú, nítorí lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ ìgbàwọlé kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò kọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá rí fáìlì, iye ojú ewé ni wọ́n fi máa ń ṣírò owó. Ẹ san án níbi tí ìjọba ní kí a máa sanwó sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Kì í ṣe nítorí àìfọkàntán nìkan ni mo ṣe ń sọ èyí: Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ ti ka sísan owó yẹn sí ara ohun tó ń sọ CTC di CTC, lọ́yà tó wà ní ìdàkejì sì lè dìde láti béèrè rìsíìtì yín. Ẹni tó bá sọ pé kí ẹ mú owó wá sí abẹ́ igi kí òun bá yín “ṣe é kíákíá” ń ta ìwé tí kò ní wúlò fún yín.

Mo rí ọ̀kan rí. Ọkùnrin kan mú CTC ìdájọ́ wá sí ọ́fíìsì wa kí a bá òun jẹ́rìí sí i fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ pupa dáadáa, ìbuwọ́lù wà níbẹ̀, ìwé náà mọ́ ju tiwa lọ. Ọ̀gá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n mú kàlẹ́ńdà ọdún yẹn wá. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ òǹtẹ̀ náà. Bí ẹ bá gba tiyín, ẹ wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò: orúkọ òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, ipò rẹ̀, ọjọ́, òǹtẹ̀ kóòtù, gbólóhùn tó sọ pé ẹ̀dà náà bá ojúlówó mu. Ẹ ka ojú ewé rẹ̀ láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí ẹ rí i pé ẹ̀rọ kò fo ọ̀kankan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó di ìrọ̀lẹ́. Abala 294 nínú Ìwé Òfin ní kí àwọn ilé ẹjọ́ gíga fún àwọn tó ń jà ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá kà á, abala 36 náà sì fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní irú ọjọ́ méje bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ tuntun ni ìyẹn ń sọ. Tọgbọ̀n ọdún kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹfà, mo sì mọ àwọn tí ọjọ́ wọn ti sún mọ́lé tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n bá lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó wá ku ti ọlọ́pàá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé ọlọ́pàá lè ṣe. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹjọ́ lásán láàárín ẹni méjì, nítorí náà wọn kò lè sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n gígé igi káṣú yín lulẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn, àkọsílẹ̀ wọn yóò sì fi hàn pé ẹ kò dákẹ́, yóò fi ọjọ́ tí ẹ ké gbàjarè hàn. Àwọn méjì tí wọ́n mú yẹn pẹ̀lú lè ti kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni òun ti ra púlọ́ọ̀tì, ní ọjọ́ báyìí, ní iye báyìí, lọ́yà yín yóò fi ayọ̀ gbà á.

Wọ́n sọ pé fáìlì sọnù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì kọ́ ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín sí. Lórí káńtà gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ni ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wà, èyí tí wọ́n ń kọ ohun gbogbo tó ń ṣẹlẹ̀ sí pẹ̀lú aago rẹ̀: ta ló wọlé, kí ló wá sọ, ta ni wọ́n fi sí àhámọ́, ta ló gba béèlì, ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ta. Nọ́ńbà wà fún ìlà kọ̀ọ̀kan. IPO lè lọ, fáìlì lè bá a lọ. Ìwé orí káńtà kì í bá ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí náà, bí ti kóòtù náà ni: ọjọ́ àti wákàtí ni kí ẹ mú dání. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ wo fóònù yín, kí ẹ wá ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pe IPO yẹn tàbí tí ó kọ́kọ́ pè yín, nítorí kì í jìnnà sí ọjọ́ tí ẹ fẹjọ́ sùn.

Ìwé méjì ni kí ẹ béèrè, wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kísíràtì, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé orí káńtà ní ọjọ́ náà, tí wọ́n dà kọ pẹ̀lú òǹtẹ̀. DPO, ìyẹn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà, ni ẹ ó kọ̀wé sí fún un. Àwọn ọlọ́pàá ti gbé ẹ̀kísíràtì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojúlé tí wọ́n pè ní POSSAP, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ bí tiyín yìí, ẹsẹ̀ ló máa yanjú rẹ̀. Èkejì ni ìròyìn ìwádìí, èyí tó sọ ohun tí ọlọ́pàá rí àti ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé. Èyí wúwo jù, lọ́yà ló sì dára kó kọ ọ́, sí Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí DPO. Bí wọ́n bá ti gbé ẹjọ́ náà kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Ìyágankú ni yóò wà. Àwọn kan á máa dà á pọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí àwọn tó ń lọ sókè òkun ń gbà. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, kò kàn yín.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ lọ́yà pàápàá kì í rántí. Òfin Ọlọ́pàá 2020 kan náà pa á láṣẹ pé ní ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn oṣù, ọ̀gá àgọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìgba ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísírétì tó sún mọ́ wọn jù. Bí wọ́n bá pa òfin yìí mọ́ lóṣù tí wọ́n mú àwọn ènìyàn yẹn, orúkọ wọn wà ní kóòtù májísírétì. Ẹ béèrè níbẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n níbẹ̀, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti dé kóòtù, ìwé ẹ̀sùn ti di ìwé kóòtù, ọ̀nà tí mo là sílẹ̀ lókè sì ni ẹ ó gbà.

Bí ẹ bá kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá, ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé lábẹ́ Òfin FOI (Freedom of Information) ti 2011 lẹ ń béèrè. Òfin yìí, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún náà, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ lè fi ẹnu sọ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sí kóòtù, níbi tí owó ìtanràn ₦500,000 ti lè jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó kọ̀ láìtọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ sọ pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo kíkọ̀ ni àìdáa, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwọn náà. Òfin FOI gbà wọ́n láyè láti di ohun tó lè ba ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́ jẹ́ mú, tàbí ohun tó lè tú àṣírí ẹni tó ta wọ́n lólobó. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ apá yẹn kúrò kí wọ́n fún yín ní ìyókù. Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ̀ délẹ̀, tí ẹ sì ti wà ní kóòtù lórí ilẹ̀ náà, lọ́yà yín lè ní kí adájọ́ fi ìwé pe ọlọ́pàá láti gbé fáìlì wá. Nínú ìrírí mi, fáìlì tó ti sọnù a máa jáde lọ́sẹ̀ tí irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti sáré pe ẹjọ́ FOI kí lẹ́tà kejì tó lọ: lẹ́tà ìránnilétí tó ní ọjọ́ àti nọ́ńbà nínú, tí a fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a máa ṣiṣẹ́ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Bí owó lọ́yà bá ń wọ̀ yín lọ́rùn, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà, wà ní Ìbàdàn.

Ó lè jẹ́ pé ìwé náà ti lọ ní tòótọ́. Iná jó Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó ní Igbóṣeré ní oṣù Kẹwàá 2020, ohun tó bá a lọ kì í ṣe díẹ̀. Lóṣù kan náà ni wọ́n dáná sun àwọn àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Ìbàdàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ẹnu lásán kúrò níbẹ̀. Ẹ ní kí akọ̀wé kọ ọ́ fún yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pé wọ́n wá ẹjọ́ nọ́ńbà báyìí ní ọjọ́ báyìí, wọn kò sì rí i. Pẹ̀lú ìwé yẹn, ìlà tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́, àti èyí tí ikán ṣẹ́ kù fún yín, lọ́yà ní ohun tó lè gbé síwájú adájọ́.

Ohun kan ni mi ò fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ lọ́yà yín, pé kò sí ohun tó lè ṣe kí ìwé tó dé. Ó lè kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ lónìí sí àwọn tó ń tà àti àwọn tó ti san owó àsansílẹ̀, kí ó sọ fún wọn pé ìdájọ́ wà lórí ilẹ̀ náà àti pé ẹ ti béèrè ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì so ẹ̀dà lẹ́tà yín tó ní òǹtẹ̀ ìgbàwọlé mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì kì í dúró ka ìdájọ́. Òǹtẹ̀ kóòtù orí lẹ́tà yẹn ti tó láti mú wọn pe ẹni tó fẹ́ tà á fún wọn lórí fóònù, kí wọ́n sì béèrè owó wọn padà.